Òfin Tí Ó Lè Pa Ni, Ẹ Jẹ́ Kí Ó Sọ Èdè Tí A Gbọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni: ẹ̀mí ẹni tí a pa, àti ẹ̀mí ẹni tí ó pa á.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó nínú ilé ẹjọ́ gíga kan tí n kò ní í dárúkọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo ti kọ́ ní ìwé rí ni ó dúró níwájú adájọ́, tí a fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń du ààlà oko kòkó tí baba wọn pín fún wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wí lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn pé, "Bí ẹ bá tún gbé ẹsẹ̀ lé ibẹ̀, n ó pa yín ni." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà wọ́n tún pàdé, ẹ̀gbọ́n gbá a létí, àbúrò tì í, ẹ̀gbọ́n fi ìpàkọ́ lu òkúta, ó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yẹn ni agbẹjọ́rò ìjọba dì mú. Ògbifọ̀ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́ bí a ti sọ ọ́, a kọ ọ́ sínú ìwé ẹjọ́, ó sì wá dàbí ẹni pé ọmọ náà ti pinnu ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti òwúrọ̀.

Baba wọn, tí ó ti sin ọmọ kan, tí ó sì ń wo èkejì lókèèrè, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Adájọ́ ka ìdájọ́ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí wákàtí méjì. Nígbà tí ó parí, tí gbogbo ènìyàn dìde, baba náà fà mí láṣọ, ó ní, "Tíṣà, ẹ dákun, ṣé wọ́n ní kí wọ́n pa á ni, tàbí wọn kò ní kí wọ́n pa á?"

Wọn kò ní kí wọ́n pa á. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n dá fún un, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn ti ń bá mi sùn, tí ó ń bá mi jí. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a jókòó níbi tí a ti ń pín ìyè àti ikú fún ọmọ ẹni, kí a má sì mọ èyí tí a pín fún un? Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé yìí kò ju ọ̀kan lọ: òfin ìpànìyàn tí ó ń ṣe ìdájọ́ wa gbọ́dọ̀ wà ní èdè Yorùbá, kí a kà á ní ààfin, kí a kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́; nítorí pé ohun tí ó wà nínú ènìyàn ni òfin náà ń wá, èdè abínibí ẹni sì ni inú ẹni fi ń sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa ni ó gba èyí. Ní ìpàdé wa kan, olóyè àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi dáhùn pé, "Apànìyàn, kí a pa á, ó tán. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ ọ̀ràn kan ṣoṣo di mẹ́wàá." Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́, n kò sì fèsì lọ́jọ́ náà nítorí ọjọ́ orí wọn. Ṣùgbọ́n ìwé kì í tijú, nítorí náà mo fèsì lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Ìwé òfin tí àwọn lọ́yà ń pè ní Criminal Code wí ní abala 306 pé kò tọ́ fún ẹnikẹ́ni láti pa ẹlòmíràn, àfi bí òfin bá fún un láṣẹ, tàbí bí òfin bá dá a láre, tàbí bí òfin bá gba àwíjàre rẹ̀. Abala 308 wí pé ẹni tí ó bá ṣe okùnfà ikú ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ní tààrà, ìbáà ṣe ní ẹ̀bùrú, òun ni ó pa á. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà sí mẹ́ta.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni èèṣì pátápátá. Abala 24 wí pé ènìyàn kò jẹ̀bi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní èèṣì, bí kò bá ti ọwọ́ àìbìkítà rẹ̀ wá. Òfin Mósè pàápàá mọ èyí: ẹni tí irin àáké yọ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú igbó, tí ó sì ba ẹnìkejì rẹ̀, ìlú ààbò ni a yà sọ́tọ̀ fún un láti sá sí. Ọ̀nà kejì ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní manslaughter. Abala 325 wí pé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè gùn títí dé ọjọ́ ikú ẹlẹ́wọ̀n. Ọ̀nà kẹta ni murder. Abala 319 wí pé ikú ni ìjìyà rẹ̀. Bí ẹ̀rí bá sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, adájọ́ kò ní ìdájọ́ mìíràn láti dá, àfi bí ẹni tí ó ṣe é bá jẹ́ ọmọdé ní ọjọ́ tí ó ṣe é.

Kí ni ó wá ya ọ̀nà kejì kúrò lára ẹ̀kẹta? Òkú kò lè yà wọ́n, nítorí òkú kan náà ni ó wà nílẹ̀ nínú méjèèjì. Inú ẹni tí ó gbé ọwọ́ sókè ni ó yà wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ara balẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ti ń kó sí kòtò.

Àwọn ènìyàn wa gbà pé ẹni tí kò bá fẹ́ pa ni kò lè jẹ̀bi ikú. Irọ́ ni. Abala 316 wí pé bí ènìyàn bá fẹ́ ṣe ẹlòmíràn ní ìpalára ńlá, tí ẹni náà sì ti ibẹ̀ kú, murder ni. Ọmọ tí ó ń wí pé, "N kò fẹ́ pa á, mo kàn fẹ́ kí ó rọ lápá ni," ó rò pé òun ń gba ara rẹ̀ là. Kò mọ̀ pé ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi so okùn mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Abala kan náà tún wí pé bí ènìyàn bá ń ṣe iṣẹ́ tí òfin kọ̀, tí iṣẹ́ náà sì jẹ́ irú èyí tí ó lè fi ẹ̀mí wewu, bí ẹnìkan bá kú níbẹ̀, murder ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn láti pa. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa kò tíì gbàgbé ìjà òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn ní 1965 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1966, tí a sọ ní wẹ́tíẹ̀, tí a ń da epo bẹntiróòlù sí ara ènìyàn àti ara ilé. Ẹni tí ó dáná sun ilé lóru, tí ó ní òun rò pé àwọn onílé ti sá lọ, bí ìyá arúgbó kan bá jóná nínú yàrá, kí ni yóò wí?

Òfin náà sì ní àánú, ṣùgbọ́n àánú tí ó ní ìwọ̀n ni. Abala 318 wí pé bí a bá mú ènìyàn bínú lójijì, tí ó sì pa ni nínú ìbínú náà kí ọkàn rẹ̀ tó ní àkókò láti rọ̀, ọ̀ràn rẹ̀ kúrò ní ti ikú, ó di ti ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bú lọ́sàn-án, tí ó lọ sílé, tí ó jẹun, tí ó pọ́n àdá, tí ó sì padà wá lálẹ́, kò ní ibi ìsádi nínú abala yẹn. Abala 327A tún ro ti ìyá tí ìbímọ dà lọ́kàn rú. Bí obìnrin bá pa ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé oṣù méjìlá nígbà tí orí rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò láti inú ìrọbí, a kì í yẹgi fún un. Bí ẹni tí ó jẹ̀bi manslaughter ni a ó ṣe é. Ẹ wò ó bí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ jọ kí ó tó lè sọ ohun tí àwọn ìyá wa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ: abísínwín.

Mo dé ọ̀dọ̀ yín wàyí, ẹ̀yin olóyè. Abala 7 àti 8 wí pé ẹni tí ó ran ni lọ́wọ́ láti ṣe ibi, tàbí tí ó gba ni nímọ̀ràn rẹ̀, tàbí tí ó bá àwọn ẹlòmíràn dìmọ̀ pọ̀ sí i, a lè kà á sí ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ṣe é. Nígbà tí a bá mú olè ní ọjà, ẹni tí ó na igi, ẹni tí ó yí táyà wá, ẹni tí ó ra epo, àti ẹni tí ó dúró tí ó ń kígbe pé, "Ẹ sun ún!", gbogbo wọn ni wọ́n ń lọ sílé láti lọ jẹun bí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ rere fún ìlú. Ní October 2012, ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, àwọn ènìyàn lu akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n, nítorí a pè wọ́n ní olè. Ní 2017 ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí a mú. Ọlọ́pàá sì ni ọ̀kan nínú wọn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti jókòó sọ èyí fún ọmọ ọjà wa, ní èdè tí ó gbọ́, kí ó tó gbé táyà?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àjẹ́. Abala 210 wí pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Abala 208 sì wí pé ẹni tí ó bá ṣe alága ìdánwò tí òfin kọ̀, bíi fífún ni ní májèlé mu láti fi mọ ẹlẹ́ṣẹ̀, bí ẹnìkan bá ti ibẹ̀ kú, ikú ni ìjìyà alága náà. Mo wí pé alága. N kò wí pé ẹni tí ó po májèlé. Nígbà tí àwọn Alátíńgà wọ ilẹ̀ Yorùbá ní 1950 sí 1951, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó gbà wọ́n tọwọ́-tẹsẹ̀, tí àwọn àgbà ìlú jókòó tí a ń fi ipá gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu àwọn ìyá arúgbó, títí ìjọba fi fi òfin dè wọ́n. Àwọn àgbà wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn búburú. Òfin tí ó lè gbá wọn mú ti wà nínú ìwé láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwé náà ni kò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìwé òfin kan náà sì wí ní abala 22 pé àìmọ òfin kì í ṣe àwíjàre. N kò bá èyí jà, nítorí bí kò bá sí i, olúkúlùkù ọ̀daràn ni yóò wí pé òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wí pé n kò gbọdọ̀ ṣe aláìmọ̀, ojúṣe rẹ̀ ni láti sọ fún mi. Bí ọba bá rán akéde jáde, tí akéde sì ń kéde ní èdè tí ará ìlú kò gbọ́, ṣé ará ìlú ni a ó bá wí ni, tàbí akéde?

Ìpalára tí èdè ń ṣe kò tán síbẹ̀. Ẹ ro ọ̀rọ̀ kékeré kan, "pa." Ebi ń pa wá, òjò ń pa wá, ẹ̀rín ń pa wá, iṣẹ́ sì ń pa wá, ṣùgbọ́n a kì í kú. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ da epo nù yóò wí pé, "N ó pa ọ́ lónìí!"; ní alẹ́, ìyá kan náà ni yóò bu ẹran tí ó tóbi jù fún un. Gbogbo Yorùbá ni ó mọ̀ pé ìbínú ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìpinnu. Ṣùgbọ́n bí a bá ká ọ̀rọ̀ náà kúrò lára igi rẹ̀, tí a gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì láìmú ewé tàbí gbòǹgbò rẹ̀ dání, ó di ẹ̀rí pé ènìyàn ti mọ̀ọ́mọ̀ pèsè ikú. Ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ tí mo kọ́ nìyẹn. N kò bú àwọn ògbifọ̀. Ohun tí a gbé lé wọn lọ́wọ́ ni ó wúwo ju ohun tí a fi kọ́ wọn lọ.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá ńkọ́? A bi ẹni tí a mú ní Yorùbá, ó dáhùn ní Yorùbá, a kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, òun sì fi àtàǹpàkò tẹ ohun tí kò lè kà. Àwọn ilé ẹjọ́ wa tí ó ga jù ti wí léraléra pé, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí ẹni náà fi sọ̀rọ̀ ni kí a kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kí a tó túmọ̀ rẹ̀. Ìwé Òfin Ilẹ̀ wa ti 1999 pàápàá pàṣẹ pé kí a sọ ohun tí a tìtorí rẹ̀ mú ènìyàn fún un láàrin wákàtí 24, ní ìwé, ní èdè tí ó gbọ́. Ó sì wí pé kí a fún un ní ògbifọ̀ láìgba owó. Nítorí náà, kì í ṣe ohun àjèjì ni mo ń béèrè. Mo ń béèrè pé kí a mú ohun tí òfin ti ṣèlérí ṣẹ títí dé òpin.

Ẹ gbọ́ ibi tí òfin yìí ti wá. Lugard ni ó kọ́kọ́ mú un wá sí Ìhà Àríwá ní 1904. Ní 1916, lẹ́yìn tí a ti so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, a nà án dé gbogbo Nàìjíríà. A kò kọ ọ́ fún Ìbàdàn, a kò sì kọ ọ́ fún Ìjẹ̀bú. Àwòkọ́ṣe rẹ̀ ni ìwé tí Samuel Griffith kọ fún Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà, tí wọ́n sọ di òfin ní 1899. Kíyèsí i: Queensland tí ó ni àwòkọ́ṣe náà pa yíyẹgi rẹ́ ní 1922. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ikú dúró fún ìpànìyàn ní 1965. N kò wí pé kí a ṣe bí wọ́n ti ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ikú dúró nínú òfin lè ní ìdí tirẹ̀, ilé ẹjọ́ wa tí ó ga jù sì ti wí ní 1998 pé kò lòdì sí Ìwé Òfin Ilẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé àwọn ará Queensland ka òfin wọn ní èdè wọn, wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ ní èdè wọn, wọ́n sì yan ohun tí wọ́n fẹ́. Àwa jogún rẹ̀ bí ẹni jogún àpótí tí a tì pa, tí a kò fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Àpótí méjì ni ó sì wà báyìí. Ní 1960 Ìhà Àríwá gba ìwé òfin mìíràn, tí a ń pè ní Penal Code. Kwara àti Kogi sì jogún rẹ̀. Nítorí náà òfin tí ó wà ní Ọ̀ffà kọ́ ni ó wà ní Ìkirun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ó wà láàrin wọn kò jìn, tí wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Bí ènìyàn bá ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọlù ú, tí ó sì ṣe kọjá ìwọ̀n pẹ̀lú ọkàn òtítọ́, tí ẹni náà sì kú, ìwé òfin ti Ọ̀ffà wí ní gbangba pé ọ̀ràn rẹ̀ kúrò ní ti ikú. Ìwé ti Ìkirun kò ní irú abala bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá méjì, ìjà kan náà, òkú kan náà, ìdájọ́ méjì! Mélòó nínú àwa tí a mọ̀wé ni ó mọ èyí, kí a má tilẹ̀ sọ ti àgbẹ̀?

Mo padà sí ọ̀rọ̀ olóyè wa pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ ọ̀ràn kan di mẹ́wàá. Rárá o, Bàbá. Àwọn baba wa kò ka gbogbo ẹ̀jẹ̀ sí ọ̀kan náà. Wọ́n mọ èèṣì, wọ́n mọ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, wọ́n mọ ìbínú, wọ́n sì mọ ìkà, wọ́n sì fún olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀ nínú ìjà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kú, ọ̀ràn náà di ti Ògbóni, nítorí Ilẹ̀ ni a ṣẹ̀. A ó san ohun ètùtù kí ìlú tó rọgbọ. Ìyàtọ̀ tí òfin ń ṣe kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Aṣọ tí a fi wọ̀ ọ́ ni a kò dá mọ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ìfẹ́ ilẹ̀ wa purọ́. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ ní 1921, pé lẹ́yìn tí ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán Ìyálóde Ìbàdàn bí kú nínú ìrọbí, ó di òǹrorò sí àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀ tí ó lóyún. Nígbà tí Ààrẹ Látòóṣà sì dìde sí i ní 1874, ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó kà sí i lọ́rùn: pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi ohun ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́, àti pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun bọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó mẹ́nu kan ẹ̀jẹ̀ ẹrú! Òfin tí a kọ sílẹ̀, tí ó ka ẹ̀jẹ̀ ẹrú àti ẹ̀jẹ̀ Ìyálóde sí ọ̀kan náà, ohun rere ni, ibi yòówù kí ó ti wá. Nítorí pé ó jẹ́ ohun rere gan-an ni mo ṣe fẹ́ kí ó di tiwa.

Àwọn kan yóò wí pé èdè wa kò lè gbé e. Odidi Bíbélì ni Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ yí sí Yorùbá kí 1890 tó dé, òfin ẹ̀jẹ̀ ti Mósè sì wà nínú rẹ̀. Ní 1859 ni ìwé ìròyìn ti ń jáde ní Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Èdè kọ́ ni ó kù díẹ̀ káàtó, akitiyan ni. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn oníròyìn ń pe manslaughter ní ìṣèèṣì pànìyàn. Àṣìṣe tí ó léwu ni, nítorí ẹni tí ó ṣe èèṣì ní tòótọ́ kò jẹ̀bi rárá. Bí a bá sì pe murder ní àmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn, a ó tan ẹni tí ó rò pé fífẹ́ ṣẹ́ ni lápá kò lè mú ikú wá. Ní tèmi, mo dábàá ìpànìyàn ti ikú àti ìpànìyàn ti ẹ̀wọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin Àríwá ti fi ìjìyà ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù, kí ó mú un wá. Irú iyàn bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ Ẹgbẹ́ wa.

Àwọn mìíràn yóò wí pé bí a bá kọ́ ará ìlú ní òfin, a kọ́ wọn bí a ti ń bọ́ nínú rẹ̀. Ìkà olówó kò nílò ẹ̀kọ́ wa, nítorí ó ní owó tí yóò fi gba lọ́yà. Ọmọ tálákà tí inú rẹ̀ ń tètè ru, tí kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ kan lè gbé òun dé ìdí igi, ni ó nílò rẹ̀; òun ni a sì ń bá pàdé ní ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Kí ni kí a wá ṣe? Èkínní, kí Ẹgbẹ́ yan lọ́yà méjì, olùkọ́ Yorùbá méjì, àti ògbifọ̀ àgbà kan, kí wọ́n túmọ̀ abala 306 títí dé 327A, pẹ̀lú àwọn abala tí ó kan ìdánwò àti ẹ̀sùn àjẹ́, kí a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé kékeré tí owó rẹ̀ kò ní í wọ́n. Èkejì, kí ẹ̀yin ọba àti olóyè jẹ́ kí a kà á ní ààfin àti ní ọjà ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ̀kẹta, kí a máa fi ọ̀rọ̀ ẹjọ́ kọ́ àwọn ògbifọ̀ ilé ẹjọ́, kí a sì dán wọn wò kí a tó gbé ẹ̀mí ènìyàn lé wọn lọ́wọ́. Kí adájọ́ sì jẹ́ kí a sọ kókó ìdájọ́ rẹ̀ ní Yorùbá kí àwọn ènìyàn tó dìde. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn Ilé Aṣòfin wa lo ohun tí abala 97 Ìwé Òfin Ilẹ̀ fún wọn, pé wọ́n lè fi èdè mìíràn kún Gẹ̀ẹ́sì nínú ìjíròrò wọn. Ilé Aṣòfin Èkó ti ṣe é rí, ilé kò sì wó. Ní tèmi, n kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀, n ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ó wà lábẹ́ mi ní ohun tí mo kọ sí ìwé yìí, kí wọ́n lè mú un lọ sí abúlé tí a bá rán wọn sí.

Ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin ni ará ìlú ń sá tọ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀, kí wọ́n tó mọ ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ yín ni ẹni tí ó kú, ọmọ yín sì ni ẹni tí ó pa á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ pé láti ẹnu tíṣà kan, lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti tán, ni baba yóò ti máa gbọ́ bóyá ọmọ òun yóò yè tàbí yóò kú.